Eré kẹ̀kẹ́ lẹ́yìn ogójì ọdún: bí a ṣe ń díje gẹ́gẹ́ bí ikọ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù àti Kent

Àwọn ọmọ Yorùbá tó ń gun kẹ̀kẹ́ ológeere lápá ibí yìí ń pọ̀ sí i. Láàárọ̀ Sátidé, ẹ ó rí wọn láti Thamesmead, Woolwich àti Dartford, akoto lórí, wọ́n ti forí lé ìgbèríko Kent. Dókítà ló ní kí àwọn kan lọ wá eré ìdárayá ṣe nítorí ẹ̀jẹ̀ ríru, àwọn mìíràn sì tẹ̀lé ọ̀rẹ́ wọn. Tó bá tó ọdún kan tàbí méjì, ìbéèrè kan náà ni wọ́n máa ń bi mí: "Bọ̀dá, ṣé èmi náà lè díje?" Ẹ lè díje. Ẹni àádọ́ta ọdún ń díje, ẹni ọgọ́ta ọdún ń díje, wọ́n sì ń gbégbá orókè. Èmi ni balógun ikọ̀ kékeré kan tí gbogbo wa ti lé lógójì. Bí a ṣe ń ṣe é ni mo fẹ́ kọ síbí, láti orí ìwé tí ẹ máa gbà títí dé ìyípo tó kẹ́yìn.

Kí n tó lọ jìnnà: agbára ẹsẹ̀ nìkan kọ́ ló ń mú àwọn ẹgbẹ́ wa yege nínú eré yìí. Ọ̀rọ̀ atẹ́gùn ni. Tí kẹ̀kẹ́ bá ti ń sáré tó kìlómítà 40 ní wákàtí kan, atẹ́gùn ló ń jẹ èyí tó pọ̀ jù nínú agbára tí ẹ ń lò. Ẹni tó bá sá pamọ́ sẹ́yìn ẹlòmíràn dáadáa lè fi nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta agbára yẹn pamọ́. Ẹni tó mọ ibi tó yẹ kó sá sí, àti ikọ̀ tó mọ ẹni tó máa gba atẹ́gùn sára fún ẹni kejì, máa ń na ẹni tó lágbára jù wọ́n lọ tó ń dá gun tirẹ̀. Gbogbo ohun tí mo máa sọ nísàlẹ̀ yìí, orí èyí ló dúró lé.

Ara yín ṣáájú kẹ̀kẹ́

Ẹ̀jẹ̀ ríru máa ń mú àwa aláwọ̀ dúdú ju àwọn mìíràn lọ, ọ̀pọ̀ ló sì ní i tí kò mọ̀, torí kì í dun ni. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, NHS máa ń pe ẹni ọdún 40 sí 74 tí kò ní àìsàn ọkàn tàbí ìtọ̀ ṣúgà tẹ́lẹ̀ wá fún àyẹ̀wò ọ̀fẹ́ ní ọdún márùn-ún márùn-ún. Tí wọ́n bá kọ̀wé pè yín, ẹ lọ. Ẹ sọ fún dókítà pé eré ìdíje lẹ fẹ́ ṣe, ẹ má kàn sọ pé ẹ ń gun kẹ̀kẹ́. Tí àyà bá ń dùn yín tàbí tí òòyì bá ń kọ́ yín nígbà tí ẹ bá ń sáré, ẹ dúró, kí ẹ lọ rí i kíákíá.

Ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ jẹ́ AS náà lè díje. Àmọ́ kó sọ fún dókítà, kó máa mu omi, kó má sì bẹ̀rẹ̀ eré àsápajúdé láìtíì mú ara gbóná. Òùngbẹ, oòrùn àti eré líle lójijì, tí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá pàdé lára AS, ewu ni. Nínú ikọ̀ wa, a mọ ẹni tó jẹ́ AS láàárín wa, a kì í fi ṣe àṣírí.

Kẹ̀kẹ́ kì í mú egungun le, torí orí ìjókòó la máa ń wà. Ẹ máa gbé irin lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀: ẹ gbé e lé èjìká, ẹ lóṣòó, ẹ dìde. Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú èyí tó fúyẹ́.

Ní ti ìgbaradì lórí kẹ̀kẹ́, iṣẹ́ líle méjì lọ́sẹ̀ ti tó fún ẹni ọjọ́ orí wa. Àwa máa ń ṣe ọ̀kan lọ́jọ́ Túsìdeè: ìṣẹ́jú-àáyá 30 pẹ̀lú gbogbo agbára, 30 ní ìrọ̀rùn, lẹ́ẹ̀mẹwàá, ká sinmi ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ká tún un ṣe. Bí crit, eré àyípo kúkúrú tí mo máa ṣàlàyé nísàlẹ̀, ṣe rí gan-an nìyẹn: ẹ fọ́n eré, ẹ mí díẹ̀, ẹ tún fọ́n ọn. Ìkejì ni eré ọjọ́ Sátidé, wákàtí méjì sí mẹ́ta, tí a máa ń gba iwájú ní àgbàyípo. Àwọn ọjọ́ yòókù, ẹ gùn ún jẹ́jẹ́ tàbí kí ẹ sinmi. Ọ̀pọ̀ wa ló ń ṣiṣẹ́ òru ní ọsíbítù àti ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó. Òfin wa ni pé ẹni tó bá ṣiṣẹ́ òru kò gbọdọ̀ ṣe iṣẹ́ líle lọ́jọ́ kejì. Oorun ló ń sọ ìgbaradì di agbára, ẹni tí kò bá sùn kàn ń da ara rẹ̀ láàmú ni.

Ìwé, àti ibi tí a ti ń díje

Ẹ dara pọ̀ mọ́ British Cycling, àjọ tó ń darí eré kẹ̀kẹ́ nílẹ̀ yìí, kí ẹ sì gba láísẹ́ǹsì eré. Ìpele kẹrin ni gbogbo ènìyàn ti ń bẹ̀rẹ̀, ì báà jẹ́ ọmọ ogún ọdún tàbí bàbá àádọ́ta ọdún, máàkì tí ẹ bá gbà nínú ìdíje ló ń gbé yín lọ sí ìkẹta, ìkejì, àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Tí ẹ bá ti lé lógójì, ẹ tún wo League of Veteran Racing Cyclists, tí wọ́n ń pè ní LVRC. Ọdún márùn-ún márùn-ún ni wọ́n fi pín àwọn tirẹ̀: A ni ẹni 40 sí 44, B ni 45 sí 49, C ni 50 sí 54, ó ń lọ bẹ́ẹ̀. Níbẹ̀, ẹgbẹ́ yín gan-an lẹ máa bá díje. Ẹ má rò pé wọ́n rọ̀, o. Àwọn kan wà níbẹ̀ tó ti ń díje láti kékeré, wọ́n mọ eré náà dójú àmì.

Criterium, tí gbogbo ènìyàn ń pè ní crit, ni kí ẹ kọ́kọ́ ṣe. Ojú ọ̀nà kékeré tí wọ́n ti dí mọ́tò lọ́nà ni, ẹ ó máa yí i po fún bí ìṣẹ́jú 40 sí wákàtí kan, lẹ́yìn náà wọ́n á ka ìyípo tó kù. Fún àwa tí a wà lápá ibí, Cyclopark ní Gravesend ló sún mọ́ wa jù, ibi tí títì A2 àtijọ́ gbà kọjá ni wọ́n kọ́ ọ sí, atẹ́gùn sì pọ̀ níbẹ̀ gan-an. Lee Valley VeloPark ní Stratford jẹ́ máìlì kan géérégé. Hillingdon wà ní Hayes, ó tẹ́jú. Hog Hill ní Hainault ní òkè kan tó máa ń já agbo, ìyẹn àwọn tó ń gun kẹ̀kẹ́ pọ̀ nínú ìdíje, sí wẹ́wẹ́. Ẹ lọ wò ó láìdíje ná, kí ẹ dúró sí ibi kọ́nà, kí ẹ wo àwọn tó wà níwájú àti àwọn tó wà lẹ́yìn.

Tí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé eré òyìnbó ni, ẹ sọ fún un pé Major Taylor, aláwọ̀ dúdú ará Amẹ́ríkà, ti gba ipò kìíní àgbáyé nínú eré kẹ̀kẹ́ ní Montreal lọ́dún 1899. Maurice Burton, ọmọ Catford tí bàbá rẹ̀ wá láti Jàmáíkà, sì di ọ̀gá nínú eré kẹ̀kẹ́ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní àwọn ọdún 1970. Ọ̀nà náà ti là tipẹ́.

Kẹ̀kẹ́ àti táyà

Mi ò ní pẹ́ níbí. Kẹ̀kẹ́ tí ẹ ní, tó bá jẹ́ kẹ̀kẹ́ eré orí títì, tí bíréèkì rẹ̀ mú, tí gíà rẹ̀ kì í fò, ó ti tó. Owó tí ẹ fẹ́ fi ra ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ kábọ́ọ̀nù, ẹ fi ra táyà gidi, mílímítà 28. Ẹni tó bá wọn kílò 75 lè fi afẹ́fẹ́ bí 65 sí 70 psi sí i. Tí òjò bá rọ̀, ẹ dín in kù díẹ̀ kí táyà lè di ojú ọ̀nà mú. Ẹ yẹ táyà wò lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, ẹ fi ìka yọ ẹ̀rún gíláàsì tó bá há sí i. Ẹ tún rí i pé ìdí ọwọ́ kẹ̀kẹ́ méjèèjì ní ìdérí, torí rẹfirí lè torí ìyẹn dá yín dúró.

Kọ́nà

Ibí ni kí ẹ fara balẹ̀ kà. Kọ́nà ló ń pinnu crit.

Ẹni tó wà ní ipò karùn-ún á fọwọ́ kan bíréèkì díẹ̀, á sì máa lọ. Ẹni tó wà ní ipò ogójì á bá agbo tó ti fún pọ̀ mọ́ra, á fẹ́rẹ̀ẹ́ dúró, nígbà tó bá sì jáde, àwọn iwájú ti ń sá lọ, ó di dandan kó fọ́n eré láti bá wọn. Tí kọ́nà bá jẹ́ mẹ́rin, tí ìyípo sì jẹ́ 25, ọgọ́rùn-ún ìgbà nìyẹn tí ẹni ẹ̀yìn fi máa fọ́n eré tí ẹni iwájú kò fọ́n ọn. Kò sí ẹsẹ̀ tó lè gba ìyẹn. Torí náà, láàárín mẹ́ẹ̀ẹ́dógún àkọ́kọ́ ni ilé yín.

Bí a ṣe ń ṣẹ́ kọ́nà nìyí. Ẹ di ìsàlẹ̀ ọwọ́ kẹ̀kẹ́ mú, ìka kan tàbí méjì lórí bíréèkì, ìgbọ̀nwọ́ rọ̀. Ẹ tẹ bíréèkì kí ẹ tó dé kọ́nà, kí ẹ sì tú u sílẹ̀ bí ẹ bá ti ń wọ inú rẹ̀, torí agbára tí táyà fi di ilẹ̀ mú níye, ẹ má fi bíréèkì ná èyí tó yẹ kó yí yín. Ẹsẹ̀ tó wà níta kọ́nà lọ sísàlẹ̀ pátápátá, ẹ sì gbé gbogbo ìwọ̀n ara yín lé e, bí ẹni pé ẹ fẹ́ dìde dúró lórí ẹsẹ̀ yẹn nìkan. Pẹ́dáàlì inú á wà lókè, kò ní gbá ilẹ̀. Lẹ́yìn náà, ọwọ́ inú: ẹ rọra tì í síwájú. Kẹ̀kẹ́ á dẹ̀gbẹ́ fúnra rẹ̀, ara yín á wà lókè rẹ̀. Ojú yín kò gbọdọ̀ wà lára táyà ẹni iwájú, ẹnu ibi tí kọ́nà ti jáde ni kí ẹ wò, torí ibi tí ojú bá wò ni kẹ̀kẹ́ ń lọ. Bí kẹ̀kẹ́ bá ti ń dìde, ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í wa ẹsẹ̀ padà.

Nínú agbo, ojú ìlà tí ẹ bá wọ kọ́nà lẹ máa bá jáde. Ẹni tó wọ̀ ọ́ láti ìta kò gbọdọ̀ já wọ inú lójijì, ẹlòmíràn wà níbẹ̀. Ohun kejì tó ń gbé ènìyàn ṣubú ni kí táyà iwájú yín wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà ẹ̀yìn ẹni tó wà níwájú. Tí onítọ̀hún bá yà díẹ̀ péré, ẹ̀yin lẹ máa ṣubú, òun ò ní mọ̀ pé nǹkan kan ṣẹlẹ̀. Ẹ dúró lẹ́yìn rẹ̀ gan-an, tàbí kí ẹ bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ pátápátá.

Ọgbà ìgbọ́kọ̀sí ṣọ́ọ̀ṣì kan la ti máa ń kọ́ àwọn tuntun, lálẹ́ Sátidé tí mọ́tò ò sí níbẹ̀. A ó to ife ike mẹ́fà sílẹ̀ ní kọ́nà kan, wọ́n á máa yí i po láìtẹ bíréèkì nínú rẹ̀, ẹnì kan ní àkọ́kọ́, lẹ́yìn náà méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, èjìká fẹ́rẹ̀ẹ́ kan èjìká. A tún máa ń jẹ́ kí wọ́n fi èjìká gbá ara wọn díẹ̀ níbi tí eré ò pọ̀, kí ẹ̀rù má bà wọ́n tó bá ṣẹlẹ̀ nínú ìdíje. Ẹ̀rù ló ń mú ènìyàn tẹ bíréèkì níbi tí kò yẹ. Ẹni tí kò bá tíì lè ṣe èyí láìfọwọ́ gan ọwọ́ kẹ̀kẹ́, mi ò kí ń fún un láyè kó forúkọ sílẹ̀. Àwọn kan máa ń bínú sí mi nítorí rẹ̀. Ara àwọn ẹlòmíràn wà nínú agbo yẹn, àwọn tó ní ọmọ nílé tó sì ń lọ síbi iṣẹ́ láàárọ̀ Mọ́ńdè.

Iṣẹ́ ikọ̀

Márùn-ún tàbí mẹ́fà ti tó. Ẹ mọ iṣẹ́ oníkálukú kí ẹ tó kúrò nílé. Ẹnì kan ni tiyín tó máa ń sáré jù ní ìparí, ẹ dá a sí. Méjì ni àwọn tí ẹsẹ̀ wọn le, tí wọ́n lè gba atẹ́gùn pẹ́. Ẹnì kan ni ẹni tó máa ń já kúrò lágbo. Ẹni tó kù, ojú ló ń yá wa lò: ó ń wo ẹni tó ń mí gúlegúle, ẹni tó ń fara pamọ́, ikọ̀ tó ti rẹ̀.

Tí ẹni tiyín bá já lọ pẹ̀lú àwọn méjì mẹ́ta, ẹ má lé wọn. Ẹ dúró sí ipò kejì àti ìkẹta nínú agbo, tí wọ́n bá ní kí ẹ wá gba atẹ́gùn, ẹ má dá wọn lóhùn. Òfin gbà á. Àwọn tí kò ní ẹnì kankan níwájú ló ni iṣẹ́ yẹn. Tí àwọn kan bá já lọ tí ẹnikẹ́ni yín ò sí níbẹ̀, iṣẹ́ yín dé nìyẹn: kí àwọn ẹlẹ́sẹ̀ líle méjèèjì bọ́ síwájú lójú ẹsẹ̀, kí wọ́n máa gbà á fún ara wọn. Agbo àwọn ẹgbẹ́ wa kì í tóbi, ẹni mẹ́ta tó bá lọ lè lọ pátápátá.

Ìgbà wo ló dára láti já? Nígbà tí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ mú àwọn kan tó já lọ tẹ́lẹ̀. Gbogbo agbo á fẹ́ mí nígbà náà. Ẹ bọ́ jáde láti ipò bíi kẹfà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ tí wọn ò retí, kí eré yín ti pọ̀ kí ẹ tó kọjá lára ẹni iwájú.

Ọ̀rọ̀ ẹnu ńkọ́? Yorùbá la máa ń sọ láàárín ara wa, ó sì ń ràn wá lọ́wọ́ torí àwọn tó kù nínú agbo ò gbọ́ ọ. "Ó yá" ni kí á gbéra. "Rọra" ni pé ẹni ẹ̀yìn ti ń ṣẹ́kù sẹ́yìn. "Ó ti já" ni pé ó ti kúrò lẹ́yìn wa, ká má dúró. Ọ̀rọ̀ ewu, bí ihò tàbí ẹni tó ṣubú, Gẹ̀ẹ́sì la fi ń pariwo rẹ̀, kí gbogbo agbo lè gbọ́. Ẹ̀gbọ́n wa kan tó jẹ́ ọmọ Ìjẹ̀bú-Igbó ti lé lọ́gọ́ta ọdún, kò sẹ́ni tó jẹ́ sọ "o" sí i nígbà tí a bá wà lórí ilẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló pàṣẹ pé lórí kẹ̀kẹ́, "Gbéra!" ni ká sọ fún òun, ká má wulẹ̀ máa sọ "ẹ jọ̀wọ́ sà, ẹ gbéra". Ẹ bá àwọn àgbà ikọ̀ yín sọ ọ́ ṣáájú. Tí ọmọdé bá ń wá bó ṣe máa bọ̀wọ̀ fún àgbà nígbà tí àlàfo ń ṣí, àlàfo náà kò ní dúró dè é.

Nígbà tí wọ́n bá gbé nọ́ńbà ìyípo márùn-ún sókè, kí gbogbo yín ti wà láàárín mẹ́ẹ̀ẹ́dógún àkọ́kọ́. Tó bá ku méjì, ẹ tò tẹ̀léra: àwọn ẹlẹ́sẹ̀ líle níwájú, asáré ìparí lẹ́yìn wọn. Nígbà tí agogo ìyípo tó kẹ́yìn bá dún, ẹni àkọ́kọ́ á gba atẹ́gùn títí dé ìdajì ìyípo, kó sáré tó bẹ́ẹ̀ tí ẹnikẹ́ni ò ní lè kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ẹnì kejì á gbà á títí di bíi mítà 250 sí òpin. Asáré á bọ́ jáde ní mítà 200, tàbí 150 tí atẹ́gùn bá ń fẹ́ kọjú sí yín. Ẹni tó bá parí iṣẹ́ rẹ̀, kó rọra yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kó máa wa ẹsẹ̀, kó má tẹ bíréèkì rárá. Agbo tó ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀ ń sáré ju kìlómítà 50 lọ ní wákàtí kan.

Owó ẹ̀bùn kì í pọ̀. Èyíkéyìí tó bá wọlé, dọ́gba-dọ́gba la ń pín in, asáré ìparí kò gba ju ẹni tó gba atẹ́gùn lọ.

Ọjọ́ ìdíje

Ẹ jẹun ní wákàtí mẹ́ta ṣáájú: ìrẹsì funfun pẹ̀lú ẹyin, tàbí ògì àti búrẹ́dì. Ẹ fi iyán, ẹ̀bà àti ẹ̀wà sílẹ̀ di ìrọ̀lẹ́. Crit wákàtí kan, ìgò omi kan ti tó. Eré wákàtí méjì àtààbọ̀ ń fẹ́ nǹkan bíi gíráàmù 60 oúnjẹ agbára ní wákàtí kọ̀ọ̀kan, ọ̀gẹ̀dẹ̀ kan tó mọ níwọ̀n sì ní nǹkan bíi 25.

Ẹ dé ní wákàtí kan àbọ̀ ṣáájú. Ẹ bi wọ́n ẹ̀gbẹ́ tí nọ́ńbà máa wà, ẹ fi píìnì mẹ́fà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ dè é kó má máa fẹ́ lẹ́lẹ́. Ẹ bi rẹfirí léèrè ohun tó máa ṣẹlẹ̀ tí táyà yín bá jò: àwọn crit kan máa ń jẹ́ kí ẹ fo ìyípo kan láti tún un ṣe, àwọn mìíràn ò gbà. Ẹ mú ara gbóná fún ogún ìṣẹ́jú, kí ẹ sì tètè lọ sí ìlà ìbẹ̀rẹ̀, torí ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn á ná agbára ìparí rẹ̀ ní ìyípo mẹ́ta àkọ́kọ́.

Tí ẹ bá dé orí títì gidi

Lẹ́yìn crit bíi mélòó kan, ẹ lè lọ sí eré ojú títì, tó máa ń tó kìlómítà 60 sí 100 fún ẹgbẹ́ wa. Mọ́tò wà lójú ọ̀nà yẹn. Ìlà funfun àárín títì ni ògiri yín: rẹfirí máa ń lé ẹni tó bá sọdá rẹ̀ kúrò nínú eré, ó sì yẹ kó lé e. Tí atẹ́gùn bá ń fẹ́ láti ẹ̀gbẹ́, agbo á tò ní ìlà tó dẹ̀gbẹ́, kálukú díẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ẹni iwájú rẹ̀. Títì kì í gba ju ènìyàn díẹ̀ lọ, àwọn tó kù á wà létí ọ̀nà nínú atẹ́gùn. Ẹ tètè wọ ìlà àkọ́kọ́ kó tó di pé wọ́n yí sí ojú ọ̀nà yẹn. Ní ti òkè, àwa tí ara wa wúwo díẹ̀ máa ń bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ níwájú pátápátá, ká máa rọra sún sẹ́yìn bí a ṣe ń gùn ún. Tí a bá fi máa dé orí rẹ̀, a ṣì wà lẹ́yìn agbo, a kò tíì já. Ẹ jẹun kí ẹ tó dé òkè náà, ẹ má dúró dìgbà tí ẹ bá ń mí hẹlẹ.

Tí eré bá parí, ẹ máa gun kẹ̀kẹ́ jẹ́jẹ́ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí ọkàn lè rọlẹ̀, ẹ má kàn dúró gbagidi. Ẹ dá nọ́ńbà wọn padà. Lẹ́yìn ìyẹn, a máa ń kóra jọ sí ẹ̀yìn ọkọ̀, kí a tó bọ́ aṣọ eré. Ìbéèrè mẹ́ta ni mo máa ń bi ẹnì kọ̀ọ̀kan: ibo lo wà nígbà tó ku ìyípo márùn-ún, ta ló gba atẹ́gùn fún ọ, ta ni ìwọ gbà á fún? Tí ìdáhùn sí ìkẹta bá jẹ́ "kò sí", orí ìyẹn la ti máa bẹ̀rẹ̀ ní Túsìdeè.